Lórí "akọ́nimọ̀ọ́pàdánù" àti ọ̀rọ̀ tó yẹ kóòṣì tó ti sú wa

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o.

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ tuntun tí ẹ̀gbọ́n wa gbé kalẹ̀ lánàá: akọ́nimọ̀ọ́pàdánù. Wọ́n ní ó yẹ kí a ní orúkọ kan pàtó fún kóòṣì bọ́ọ̀lù alájùsápẹ̀rẹ̀ (basketball) tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti sú àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, àti pé gbogbo ohun tí kò mọ̀ ọ́n ṣe, "àbùkù" ni kí a máa pè é. Orúkọ náà dùn lẹ́nu. Àmọ́ mo ní ẹjọ́ láti rò lórí méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yanjú èyí tó kéré. Àbúrò kan bèèrè pé ṣé "gbá" tó wà nínú akọ́nimọ̀ọ́gbá, orúkọ tí a ti ń pe kóòṣì tẹ́lẹ̀, bá eré yìí mu, nígbà tó jẹ́ pé jíjù ni wọ́n ń ju bọ́ọ̀lù náà, tí òfin kò sì gbà kí èèyàn mọ̀ọ́mọ̀ ta á nípàá. Ó bá a mu dáadáa. Ọwọ́ náà ń gbá nǹkan. A ń gbá èèyàn létí, a sì ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ kó tó di pé a jù ú. Jíjù ti wà nínú "alájùsápẹ̀rẹ̀" tẹ́lẹ̀. (Mo mọ̀ pé àwọn kan fẹ́ràn "alájùsáwọ̀n". Èmi kò ní fi apẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, torí apẹ̀rẹ̀ èso gidi ni James Naismith lò nígbà tó dá eré náà sílẹ̀ ní Springfield ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1891.)

Àbùkù wá ńkọ́? Bíbù àti kíkù ló wà nínú rẹ̀: iyì ẹni ni wọ́n bù tó fi kù. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé wọ́n fi àbùkù kan èèyàn. Olólùfẹ́ tó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n tó ń pariwo pé "Dá eré dúró! Dá eré dúró!" kò bá iyì kóòṣì jà rárá. Ohun tó ń dùn ún ni pé nǹkan kékeré kan ló kù, ojú òun rí i, ojú ẹni tí wọ́n ń sanwó fún kò rí i. Èdè wa sì ti ní ọ̀rọ̀ fún un tipẹ́: kùdíẹ̀-káàtó. Ẹ tú u palẹ̀ kí ẹ wò ó, ó kù díẹ̀ kí ó tó.

Ẹ wo kóòṣì Mike Budenholzer. Ó gba ife NBA, líìgì alájùsápẹ̀rẹ̀ Amẹ́ríkà, pẹ̀lú ẹgbẹ́ Milwaukee Bucks lọ́dún 2021. Lọ́dún 2023, kò sí ẹgbẹ́ tó borí nínú eré tó wọn ní gbogbo sáà, síbẹ̀ Miami Heat lé wọn jáde ní ìpele àkọ́kọ́ ìdíje tó kẹ́yìn sáà náà, eré mẹ́rin sí ọ̀kan. Eré karùn-ún ló dun àwọn èèyàn jù. Heat ń lé wọn bọ̀, àǹfààní láti dá eré dúró ṣì wà lọ́wọ́ Budenholzer, kò lò ó, àfikún àkókò sì gbé wọn lọ. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi júwe ilé fún un. Ta ló fẹ́ dúró sọ fún mi pé àbùkù wà lára ẹni tó gba ife ní ọdún méjì péré ṣáájú?

Nípa dídá eré dúró yìí, mo rí i pé àwọn kan ń túmọ̀ timeout sí "ìsinmi ránpẹ́". Mi ò gbà. Òótọ́ ni pé àwọn agbábọ́ọ̀lù ń mu omi níbẹ̀, àmọ́ ta ni yóò torí omi pè é? Nígbà tí alátakò bá ń jẹ ayò léraléra, òun ni kóòṣì fi ń dá wọn lọ́wọ́ kọ́, tó fi ń tún ètò ẹgbẹ́ rẹ̀ tò. Ẹ̀ẹ̀méje péré ni NBA fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú eré oníṣẹ́jú 48. Ohun tí wọ́n ń ṣọ́ ná bẹ́ẹ̀, ohun ìjà ni. "Ìdárédúró" ni èmi ń pè é. Bí "sá eré" ti di sáré, bẹ́ẹ̀ ni "dá eré" yóò di dáré. Ẹnìkan lè ní ó ti fẹ́ jọ "dáre", ti "dá ẹjọ́ ẹni láre". Ohùn ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Àti pé, ká sòótọ́, kóòṣì tó bá dáré dúró lásìkò ni olólùfẹ́ máa ń dá láre.

Ọ̀rọ̀ Joe Mazzulla ló jẹ́ kí n rọ̀ mọ́ kùdíẹ̀-káàtó. Wọ́n bú u gan-an ní sáà àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Boston Celtics torí pé kì í tètè dá eré dúró, pàápàá nígbà tí Heat tún lé àwọn náà jáde lọ́dún 2023. Lọ́dún 2024 ó gba ife. Àwọn tó ń pè é ní aláìgbọ́n ti wá rí i pé ńṣe ló fọkàn tán àwọn ọmọ rẹ̀. Tí ife bá dé, "ó kù díẹ̀" tán nìyẹn, ó ti tó. Àbùkù kì í kúrò lára èèyàn bẹ́ẹ̀.

Èyí tí mi ò tíì rí ojútùú sí ni ti Doc Rivers. Òun náà gba ife, pẹ̀lú Celtics lọ́dún 2008. Àmọ́ ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ẹgbẹ́ rẹ̀ ti wà níwájú pẹ̀lú eré mẹ́ta sí ọ̀kan, tó ku ẹyọ kan ṣoṣo kí wọ́n yege, tí wọ́n sì pàdánù gbogbo èyí tó kù: Orlando Magic lọ́dún 2003, Los Angeles Clippers lọ́dún 2015 àti 2020. Ẹ̀ẹ̀kan, mo lè pè é ní àṣìṣe. Ẹ̀ẹ̀kejì, kùdíẹ̀-káàtó. Ẹ̀ẹ̀kẹta, bárakú ló ń wá sí mi lẹ́nu. Síbẹ̀, ní eré keje ti ọdún 2020, Kawhi Leonard àti Paul George, àwọn ìràwọ̀ agbábọ́ọ̀lù Clippers, kò jẹ ayò kankan ní ìdá kẹrin eré. Ṣé Rivers ló ni bárakú yẹn? Ẹ bá mi dá sí i.

Ó ku orúkọ ẹ̀gbọ́n wa. Wàhálà rẹ̀ wà ní "mọ̀ọ́". Akọ́nimọ̀ọ́gbá ni ẹni tó ń kọ́ni títí a fi mọ̀ ọ́n gbá. Akọ́nimọ̀ọ́pàdánù á jẹ́ ẹni tó kọ́ wọn títí wọ́n fi mọ ìpàdánù ṣe bí iṣẹ́ ọwọ́, ìyìn sì nìyẹn fún olùkọ́! Lálẹ́ ọjọ́ tí ẹgbẹ́ yín bá fìdí rẹmi, ẹ lò ó bó ṣe wù yín, èmi náà á bá yín gbè é. Inú ìwé atúmọ̀ èdè ni mi ò fẹ́ bá a.