Ẹ gbà mí o, àbàwọ́n ara ògiri pálọ̀ mi kò fẹ́ lọ

Ìyá Tọ́lá: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ àbúrò ọkọ mi ni. Àtìgbà tó ti dé ọ̀dọ̀ wa, kò níṣẹ́ méjì ju kó gbé orí tó kún fún ìpara ti ògiri, kó máa wo bọ́ọ̀lù. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ọkọ mi á ní ọmọ ìyá òun ni. Àbàwọ́n náà ti fẹ̀ tó àtẹ báyìí, ó pọ́n rúsúrúsú, etí rẹ̀ dúdú ju àárín lọ. Mo fi omo fọ̀ ọ́ títí, pàbó ni. Lánlọ́ọ̀dù ń bọ̀ lópin oṣù, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́!

Ìyá Ìbejì: Ẹ pẹ̀lẹ́. Hypo ni kẹ́ ẹ fi nù ún. Bírò ni tàwọn ìbejì mi, láti ẹnu ọ̀nà dé kíṣìnnì. Èyí ọkùnrin ya mọ́tò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà, mi ò tíì pa ìyẹn rẹ́.

Àlàbá: Hypo kì í ká ọ̀rá o. Ọṣẹ ìfọwo àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni. Ẹ máa nù ún láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí omi ìdọ̀tí má baà ṣàn sórí ibi gbígbẹ, kó di ilà.

Màmá Dáre: Èmi máa ń po Hypo mọ́ ọtí kíkan ni.

Àlàbá: Ẹ má dán an wò! Atẹ́gùn olóró ló ń jáde bí wọ́n bá pàdé.

Màmá Dáre: Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe é, mo ṣì wà láyé.

Àlàbá: Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ fèrèsé yín.

Bọ̀dá Péńtà: Ìyá Tọ́lá, irú ọ̀dà wo ni? Bó bá jẹ́ emulsion olówó pọ́ọ́kú, bẹ́ ẹ bá ṣe ń ha á ni yóò máa ṣí. Ṣé ó tutù tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án?

Ìyá Tọ́lá: Ìyá Ìbejì, ọmọdé ni tiyín. Ẹni ọdún 27 ni tèmi! Mo ní kó máa dé fìlà, ó ní ooru ń mú òun.

Àǹtí Bísí: Ẹ̀yin ìyàwó òde òní, àbúrò ọkọ kò gbọdọ̀ jókòó mọ́? Ẹ ta aṣọ sẹ́yìn àga.

Ìyá Tọ́lá: Àǹtí, mi ò lé e o. Iṣẹ́ ló rí n'Íbàdàn, láti ìgbà Iléyá ló ti lọ. A tún ibẹ̀ kùn lẹ́yìn rẹ̀, ìpara burúkú yẹn tún yọ, ó tiẹ̀ ń fẹ̀ sí i.

Bọ̀dá Péńtà: Ẹ dúró ná. Ó ti lọ láti Iléyá, ó sì ń fẹ̀ sí i? Kí ló wà lẹ́yìn ògiri yẹn?

Ìyá Tọ́lá: Balùwẹ̀ wa. Ọ̀gangan ibi tí ṣáwà wà ni.

Bọ̀dá Péńtà: Háà! Páìpù ló ń jò nínú ògiri. Ẹ wò ó dáadáa, ọ̀dà á ti máa wú, lẹ́búlẹ́bú funfun bí iyọ̀ á máa bọ́ lára rẹ̀. Ẹ pe plọ́ńbà kẹ́ ẹ tó pe péńtà. Kó gbẹ dénú, ó lè gbà tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí wọ́n ha èyí tó wú, kí wọ́n fi ọ̀dà olóròóró kun ojú àbàwọ́n kí emulsion tó gorí rẹ̀. Olómi ni emulsion, bẹ́ ẹ bá fi òun nìkan bò ó, á tún yọ ni. Ẹ jẹ́ kí lánlọ́ọ̀dù yín wá fojú ara rẹ̀ rí i, páìpù inú ilé rẹ̀ ni.

Àǹtí Bísí: Ẹ pe ọmọ ọlọ́mọ n'Íbàdàn, kẹ́ ẹ bẹ̀ ẹ́.

Ìyá Tọ́lá: Bọ̀dá, ẹ ṣé gan-an. Lẹ́búlẹ́bú yẹn wà níbẹ̀, mo rò pé pọ́dà rẹ̀ ni. Àǹtí, ẹ̀bẹ̀ kẹ̀? Ìrọ̀rí àga mi tó fi ìpara bà jẹ́ ńkọ́, ṣé páìpù náà ni? Ẹ jọ̀ọ́, kí ló ń ká ìyẹn?