Àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn lọ́fẹ̀ẹ́ nídìí tábìlì mi, kí ni kí n ṣe sí wọn?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ìtòsí Ọláìyá, níbí l'Óṣogbo, ni mo ti ń ta ìwé ìròyìn. Kí aago méje tó lù, àwọn bàbá á ti yí tábìlì ká. Wọ́n á ka Punch, wọ́n á ka Tribune, àríyànjiyàn á wá bẹ̀rẹ̀, látorí òṣèlú títí dórí Arsenal. Ẹni tó máa sanwó kò ní sí níbẹ̀. Éjẹ́ǹtì tó ń kó ọjà fún mi máa ń gba èyí tí kò bá tà padà, ṣùgbọ́n tó bá ti rún tàbí tó bá lábàwọ́n, ọrùn mi ló máa wà. Ìka tí bàbá kan fi ń jẹ bọ̀ọ̀lì ló fi ń ṣí ojú ewé eré ìdárayá lánàá! Ṣé kí n máa gbowó ìkàwé ni àbí kí n lé wọn? Àwọn mìíràn tó bàbá mi bí lọ́mọ o.

Ìyá Ìbejì: Má lé àgbàlagbà. Ẹ̀dà kan péré ni kó o fi síta nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, fi pẹ́ẹ̀gì tí wọ́n fi ń sá aṣọ há a mọ́ okùn, kí ojú ewé iwájú hàn. Kó ìyókù sínú ọ̀rá.

Ẹ̀gbọ́n Òkè-Fìà: Gbowó jàre! Wọ́n ń ṣe é níbòmíràn.

Oníbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, wọ́n á ní mo lójú kòkòrò.

Bàbá Tíṣà: Fóònù ló ń pa ọjà yín, kì í ṣe àwọn bàbá yẹn. Ìwé Ìròhìn tí Townsend, òyìnbó ajíhìnrere, bẹ̀rẹ̀ l'Abẹ́òkúta ní 1859, ó dá mi lójú pé àwọn tó yá a kà á pọ̀ ju àwọn tó rà á lọ. Gbé omi tútù, ẹ̀pà àti ìbéèrè JAMB àtijọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá dúró pẹ́, òùngbẹ á gbẹ ẹ́. Má sì dín Aláròyé kù. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ló ń jáde, kì í tètè gbó bíi tojoojúmọ́.

Ọmọ Ọ̀ṣun: Èyí tí éjẹ́ǹtì bá kọ̀, tà á fún àwọn tó ń kun mọ́tò, òun ni wọ́n fi ń bo gíláàsì. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe alákàrà o, tàdáwà kì í ṣe oúnjẹ.

Oníbéèrè: Ẹ ṣeun gan-an. Ti àwọn tó ń kun mọ́tò yẹn kò wá sí mi lọ́kàn rí. Ìyá Ìbejì, ibo ni mo ti lè rí pẹ́ẹ̀gì onígi rà? Onírọ́bà máa ń kán.

Ìyá Ìbejì: Wo Ọjà Ọba, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta báfù.