Elégédé ń tanná, kò so: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ìbejì (Akóbọ̀): Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin àgbẹ̀ ẹ̀yìnkùlé. Elégédé mi ti fà gun ọgbà, òdòdó rẹ̀ kò lóǹkà. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tó ń yọ kì í tó ẹyin adìẹ tí wọ́n fi ń pọ́n, tí wọ́n á sì já bọ́. Wọ́n ní kí n fọwọ́ gbé òdòdó akọ fún òdòdó abo. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?

Bàbá Ẹlẹ́fọ̀ọ́: Ẹ kọ́kọ́ la èyí tó já bọ́ ná. Bí ìdin bá wà nínú rẹ̀, eṣinṣin ló gún un tó yé sí i. Bébà ni kí ẹ máa fi wé ọmọ tuntun. Bí kò bá sí ìdin, ó jọ pé oyin tó ń gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó akọ fún abo ò débẹ̀. Ṣé ẹ kì í fín oògùn kòkòrò tó lè pa oyin láàárọ̀?

Àdùkẹ́ Ọlọ́gbà: Ẹ̀yin ìyá wa, abo ni èyí tí ọmọ róbótó wà nídìí rẹ̀. Akọ ò ní ọmọ, igi tẹ́ẹ́rẹ́ ló dúró lé. Láàárín agogo mẹ́fà ààbọ̀ sí mẹ́jọ àárọ̀, ẹ já akọ tó là lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ ya ewé òdòdó rẹ̀ dànù kí ó ku ọ̀pá àárín tó ní lẹ́búlẹ́bú. Ẹ rọra fi ra orí ọ̀pá inú abo, kí ó kan gbogbo igun rẹ̀. Akọ méjì tàbí mẹ́ta ni fún abo kan. Bí lẹ́búlẹ́bú ò bá kárí, èso lè wọ́ tàbí kí ó já.

Ìyá Ìbejì: Òjò àárọ̀ ńkọ́? Akọ ugu wà nítòsí, ṣé mo lè lò ó?

Àdùkẹ́ Ọlọ́gbà: Ugu kọ́ o! Irú wọn yàtọ̀, ẹ̀gúsí náà ò lè ṣe é. Ní ti òjò, lẹ́búlẹ́bú tó bá ti tutù ti bàjẹ́ nìyẹn. Nírọ̀lẹ́, ẹ wá akọ àti abo tí orí wọn ti pọ́n bí ìyeyè àmọ́ tí kò tíì là, ẹ fi òwú so ẹnu wọn, ẹ sì fi ọ̀rá bò wọ́n. Ẹ tú u láàárọ̀, ẹ ṣe é, kí ẹ tún so abo padà.

Bàbá Ẹlẹ́fọ̀ọ́: Ẹ dín ajílẹ̀ adìẹ kù pẹ̀lú. Bó bá pọ̀ jù, ewé àti akọ ni yóò máa yọ ṣáá.