Ère, eré, àti orúkọ tó yẹ ilé inú kọ̀ǹpútà

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo kí gbogbo ilé.

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé kí la ó máa pe ilé tàbí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n gbé sínú kọ̀ǹpútà, tí ènìyàn lè rìn wọ inú rẹ̀ bí ẹni ń ṣe géèmù. Ọ̀gá wa kan tó ń kọ́ni ní yunifásítì dábàá "ère orí kọ̀ǹpútà". Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé láti London ní "àwòṣe" ti tó.

"Ère" dùn létí, ó sì ti inú iṣẹ́ ọnà wa wá. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ bí àwọn èèyàn ṣe ń kọ Yorùbá lórí fóònù. Ẹ yọ àmì ohùn kúrò lórí "ère orí kọ̀ǹpútà" àti "eré orí kọ̀ǹpútà", kò sí ohun tó yà wọ́n mọ́. Níbòmíràn, gbólóhùn tó yí ọ̀rọ̀ ká á máa là á. Níbí, kò lè là á, torí ẹ́ńjìnì tí wọ́n fi ń ṣe géèmù, irú Unity àti Unreal, náà ni àwọn awalẹ̀pìtàn fi ń gbé ìlú àtijọ́ dìde. Ní ti "àwòṣe", ohun tí a wò kí a tó ṣe òmíràn ni. Télọ̀ a máa wo àwòṣe kó tó gé aṣọ. Ilé tí à ń sọ yìí ti wà tipẹ́ kí kọ̀ǹpútà tó dé.

Ohun tó ká mi lára jù ni pé orúkọ kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń wá, bẹ́ẹ̀ ohun méjì ló wà nílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú Notre-Dame, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tó jóná ní Paris ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin 2019. Kó tó jóná, ó ti wà nínú kọ̀ǹpútà lọ́nà méjì. Andrew Tallon, onímọ̀ ìtàn iṣẹ́ ọnà ní Vassar College ní Amẹ́ríkà, ti gbé ẹ̀rọ lésà káàkiri ibẹ̀. Ẹ̀rọ náà á tan ìmọ́lẹ̀ sí ògiri, ìmọ́lẹ̀ á padà, ẹ̀rọ á fi ìyẹn mọ bí ibẹ̀ ṣe jìnnà tó. Ojú àmì kan péré nìyẹn; èyí tí Tallon kó jọ lé ní bílíọ̀nù kan. Ó tilẹ̀ hàn níbẹ̀ pé àwọn òpó apá ìwọ̀ oòrùn kò tò gún régé. Tallon kú ní 2018, kò rí iná náà.

Èkejì ni ti Ubisoft, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe géèmù, nínú géèmù Assassin's Creed Unity tó jáde ní 2014. Ìtàn géèmù náà jẹ́ ti rògbòdìyàn tó dojú ìjọba ọba ilẹ̀ Faransé bolẹ̀ láti 1789. Síbẹ̀, ilé ṣóńṣó tí Viollet-le-Duc, ayàwòrán ilé, gbé ka òrùlé ní 1859 ló wà lórí ṣọ́ọ̀ṣì náà. N kò bu iṣẹ́ wọn kù. Ọmọ tí kò lè dé Paris rìn lábẹ́ òrùlé yẹn, ó gbójú sókè wò ó. Ìyẹn ní iyì tirẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí iná jó, ìròyìn gba orí ayélujára kan pé géèmù ni wọn yóò fi tún ilé náà kọ́. Ìwọ̀n ni ẹni tó fẹ́ tún ilé kọ́ ń wá, kì í ṣe ẹwà nìkan.

Nítorí náà, àbá tèmi: èyí tí a fi ẹ̀rọ wọ̀n lára ohun gan-an, kó máa jẹ́ "ẹ̀dà oníwọ̀n". Èyí tí ènìyàn fi ìmọ̀, fọ́tò àti èrò ọkàn rẹ̀ yà, kó máa jẹ́ "àfinúyà". Ẹnìkan dá "àròkọ́" lábàá fún ìkejì yìí, ó sì kúrú lóòótọ́, àmọ́ ọmọ iléèwé ti ní àròkọ tirẹ̀. Àfinúyà kì í ṣe irọ́. Ó kàn ń sọ fún òǹwòran pé ẹnìkan ló jókòó ròó.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ilojo Bar, ilé aláràbarà Bràsíl tó wà ní Tinúbú l'Ékòó, tí ìjọba ti kà sí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé láti 1956, wọ́n wó o ní oṣù kẹsàn-án 2016. Kò sí ògiri mọ́ tí a ó gbé lésà sí iwájú rẹ̀. Bí ọ̀dọ́ kan bá fi fọ́tò gbé e dìde lọ́la, inú mi á dùn, ṣùgbọ́n kó kọ "àfinúyà" sí i lára, kí ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn má baà máa fi fèrèsé inú rẹ̀ jẹ́rìí.

Ibi tó le kù. Nínú iṣẹ́ Rome Reborn, tó gbé Róòmù ọdún 320 dìde, wọ́n fi lésà wọn Róòmù kékeré tí Italo Gismondi, ayàwòrán ilé ará Ítálì, fi píláásítà mọ ní ọ̀rúndún ogún. Gismondi ro púpọ̀ nínú ìlú yẹn, lésà sì wọ̀n ọ́n péye. Èmi á pè é ní ẹ̀dà oníwọ̀n ti àfinúyà. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù, kó kọ ọ́ wá, kó sì fi àmì ohùn sí i.