Ìbọn wo ni wọ́n kọ́kọ́ gbé lé yín lọ́wọ́? Ẹ sọ tiyín

Ọmọ Mọ́kọ́lá: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Houston fi fídíò ránṣẹ́: ọmọ rẹ̀ obìnrin, kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ, ń fi ìbọn kékeré tí wọ́n ń pè ní .22 yin agolo, ó ń rẹ́rìn-ín kẹ́kẹ́. Èmi tí mo dàgbà tó yìí ò tíì fọwọ́ kan ìbọn rí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti yìn ín, èwo ni wọ́n fi kọ́ yín, báwo ló sì ṣe rí?

Ọdẹ Akínyẹlé: Ṣakabùlà bàbá mi. Díẹ̀ ló kù kó yọ mí léjìká.

Ìyá Ìbejì Bódìjà: Ọmọ ọdún mẹ́wàá, ìbọn? Èyí tó gbá bọ́ọ̀lù lásán, ó ti fọ́ wíńdò aládùúgbò fún mi.

Ará Dallas: Ìyá wa, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọta .22 kò ju nǹkan bíi gíráàmù méjì àbọ̀ lọ, kì í ti èèyàn léjìká, owó rẹ̀ ò sì ga. Oògùn tó ń gbaná wà ní etí ìdí ọta gan-an, èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú wọn, .22 Long Rifle, sì ti wà láti 1887. Ìbọn Savage (orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é nìyẹn) ni wọ́n fi kọ́ èmi, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ fa irin rẹ̀ sẹ́yìn kí ọta mìíràn tó wọlé. Bàbá òyìnbó tó ń kọ́ mi ní kí n kọjú síbòmíràn nígbà tó ń ki ọta. N ò mọ̀ pé ó ti fi kóròfo ọta kan sáàárín àwọn tó dáa. Mo di ojú kan, mo fà á. Tẹ́! Kò dún. Àmọ́ ẹnu ìbọn ti tẹ̀ wálẹ̀ bí ẹni tó ń kí ọba. Ara mi ti ń sá fún ariwo tí kò sí. Bàbá náà ò sọ nǹkan kan, ó kàn ń wò mí.

Ṣọ́jà Tó Ti Fẹ̀yìn Tì: Tiwa, kọ́bọ̀ ni wọ́n máa ń gbé lé orí ẹnu ìbọn, a ó wá fà á láìsí ọta nínú rẹ̀. Bí kọ́bọ̀ bá já, o mọ ohun tó kàn.

Jẹ́ Kí N Sọ̀rọ̀: Kí ló kàn, ọ̀gá?

Ṣọ́jà Tó Ti Fẹ̀yìn Tì: Fífò bí ọ̀pọ̀lọ́.

Ọdẹ Akínyẹlé: Gbogbo ohun tẹ́ ẹ ń sọ yìí, ṣakabùlà ti kọ́ wa. Tó o bá fà á, iná á kọ́kọ́ ta, ẹ̀tù á wá gbà á, kó tó dún. Tó o bá mira láàárín yẹn, ẹran ti wọgbó. Ẹni tó lè dúró ti ṣakabùlà, ohun ìṣeré ni .22 yín.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ: Ẹ ò sọ ti èyí tó ń bú mọ́ èèyàn lójú. Páìpù omi lọ̀pọ̀ ẹnu ìbọn yẹn, irin ọkọ̀ ni òmíràn. Mo mọ bàbá kan tí ìka rẹ̀ ò pé mọ́. Ṣé ìyẹn lẹ fẹ́ gbé fún ọmọdé?

Ọdẹ Akínyẹlé: Èyí tí wọ́n bá ki ẹ̀tù lákìjù ló ń bú.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ: Ọmọ ta ló máa ń wọn ẹ̀tù?

Olóògùn Ọ̀jẹ́: Kí wọ́n ṣe ayẹta fún un 😂

Ìyá Ìbejì Bódìjà: Ayẹta ń dá èyí tó ń bọ̀ níwájú dúró. Èyí tó bú lọ́wọ́ ara ẹni ńkọ́?

Ará Dallas: Bàbá Ọdẹ, ẹ má pè é ní ohun ìṣeré o. Ọta .22 lè rìn ju kìlómítà kan àbọ̀ lọ, ó sì máa ń ta padà tó bá kan òkúta tàbí omi. Òkìtì iyẹ̀pẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn agolo yẹn. Ẹ bo etí, ẹ bo ojú pẹ̀lú.

Jẹ́ Kí N Sọ̀rọ̀: Èló ni wọ́n ń tà á ní Dùgbẹ̀?

Lọ́yà Ìrọ̀lẹ́: Ìwọ, jókòó jẹ́ẹ́. Òfin ìbọn ti 1959 ṣì wà nílẹ̀. Láìgba ìwé àṣẹ, ọlọ́pàá ló máa kọ́ ẹ. Ṣakabùlà pàápàá ní ìwé tirẹ̀, ìbọn afẹ́fẹ́ náà wà nínú òfin yẹn.

Bọ̀dá Agodi: Afẹ́fẹ́ kẹ̀? Èyí tí wọ́n ń ṣẹ́ ẹnu rẹ̀ wálẹ̀ kí wọ́n tó fi òjé kékeré sí i? Òun la fi kọ́ o! A máa ń lúgọ sẹ́yìn ilé, à ń yin àdàbà, a ó sun ún jẹ. Ta ló bèèrè ìwé?

Jẹ́ Kí N Sọ̀rọ̀: Ìyẹn ló yẹ kẹ́ ẹ fi kọ́ ọmọdé. Kò ní ariwo, kò ní ẹ̀tù.

Lọ́yà Ìrọ̀lẹ́: Ó ń fọ́ ojú èèyàn dáadáa.

Àbíkẹ́ Agodi: Bọ̀dá, ẹ dúró ná. Àdàbà ni àbí ẹyẹlé?

Bọ̀dá Agodi: Àdàbà ni o.

Àbíkẹ́ Agodi: Àdàbà kì í ní okùn pupa lẹ́sẹ̀. Ilé wa ló wà lẹ́yìn tiyín, ẹyẹlé ìyá mi ò sì wálé mọ́ ní gbogbo ìgbà yẹn.

Bọ̀dá Agodi: Àbíkẹ́, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀.