Kí ọ̀rọ̀ tó wọ ìwé sáyẹ́ǹsì ọmọdé: lórí ‘ẹlẹ́mìí’, ‘ohun’ àti ‘agbára’

Ẹ̀gbọ́n wa tí wọ́n ń ṣàkójọ ọ̀rọ̀ fún ìwé sáyẹ́ǹsì ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ mẹ́ta kalẹ̀, wọ́n sì ní kí olúkúlùkù sọ èrò rẹ̀ lórí wọn: ‘ohun ẹlẹ́mìí’ fún gbogbo ohun tó wà láàyè, ‘ohun’ lásán fún gbogbo nǹkan tó ní ìwúwo tó sì gba àyè, àti ‘agbára’ fún èyí tó ń mú iṣẹ́ ṣeé ṣe, yálà inú oúnjẹ ló ti wá, tàbí inú oòrùn, tàbí inú bátìrì. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé ọ̀rọ̀ tí ọmọ ti gbọ́ nílé ni ó yẹ kí a fi kọ́ ọ nílé ẹ̀kọ́. Mo gba ìdí náà tọkàntọkàn, síbẹ̀ n kò lè gba ìkankan nínú ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ ti mọ̀ máa ń gbé ìtumọ̀ tó ní nílé wọ kíláàsì, kò sì ní fi í sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà nítorí pé a kọ ìtumọ̀ mìíràn síwájú rẹ̀ nínú ìwé. Ohun tó yẹ kí a ṣe, lójú tèmi, ni pé kí a fi gbólóhùn dán ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan wò, irú gbólóhùn tí ọmọ fúnra rẹ̀ máa sọ, kí a tó kọ ọ́ sínú àkójọ.

Mo jókòó sẹ́yìn kíláàsì kan nígbà kan tí olùkọ́ ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹta ní àbùdá ohun ẹlẹ́mìí. Ó kọ ọ́ sójú pátákó pé ohun ẹlẹ́mìí ń mí, ó ń jẹ, ó ń rìn, ó ń dàgbà, ó ń bí irú ara rẹ̀, ó ń yọ ẹ̀gbin ara dànù, ó sì ń mọ̀ bí nǹkan bá kan án lára. Ọmọbìnrin kan ní ife kékeré níwájú rẹ̀. Òwú tí a rin sómi ló wà nínú ife náà, ẹ̀wà kan sì wà lórí òwú, tí èèpo rẹ̀ ti là, tí gbòǹgbò funfun tí kò gùn ju èékánná lọ ti yọ nídìí rẹ̀. Ọmọ náà gbé ife sétí, ó dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ó tún gbé e súnmọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ bóyá èémí kan yóò fẹ́ sí i lára. Lẹ́yìn náà ó kọ ‘ẹ̀wà’ sábẹ́ àwọn ohun tí kò lẹ́mìí, pẹ̀lú òkúta àti ṣíbí. Olùkọ́ fi bírò pupa fa ìlà sí i. Títí di òní, n kò rí àṣìṣe tí ọmọ yẹn ṣe. Ọ̀rọ̀ tí a fún un ló tẹ̀ lé.

Lẹ́nu Yorùbá, ẹ̀mí àti mímí kò ṣeé yà nípa. Ìgbà tí èémí bá dúró ni a ń sọ pé ẹ̀mí bọ́. Bí ọmọ bá tún dàgbà díẹ̀, ẹ̀mí á di ohun àìrí tó ń fi ara sílẹ̀ lọ sí ibòmíràn. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn nìyẹn, ó sì ní ọlá tirẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni a fẹ́ kí ọmọ máa wá nínú ẹ̀wà. Ewéko ń lo ọ́síjìn tọ̀sán-tòru, afẹ́fẹ́ sì ń gba àwọn ihò tíntìntín ara ewé wọlé, ó ń gba ibẹ̀ jáde, láìsí imú, láìsí ẹ̀dọ̀fóró, láìsí ariwo kankan. Irúgbìn gbígbẹ tó wà nínú àpò pàápàá ń ṣe é, ó kàn rọra ń ṣe é ni. Kò sí èyí tí ‘ẹlẹ́mìí’ ràn wá lọ́wọ́ láti rí nínú gbogbo ìyẹn, ‘abẹ̀mí’ tí àwọn mìíràn fẹ́ràn kò sì yàtọ̀ sí i, nítorí ẹ̀mí kan náà ló wà nínú rẹ̀.

Ẹlòmíràn ti dábàá ‘oníyè’, láti ara ìyè. Ó dára lójú ìwé, ṣùgbọ́n oníyè ti wà nílẹ̀ fún ẹni tí iyè rẹ̀ jí, tí kì í tètè gbàgbé nǹkan. Nígbà tí a bá sì ti so ‘oní’ mọ́ ìyè àti mọ́ iyè, ohùn tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ti pòórá. Èyí tí mo fara mọ́ ni ‘ohun alààyè’. Ẹni tó bá fi èékánná ha èèpo igi tí ọ̀gbẹlẹ̀ ti mú, tó rí àwọ̀ ewé lábẹ́ rẹ̀, kì í sọ pé igi náà ní ẹ̀mí. Ohun tó máa sọ ni pé ó ṣì wà láàyè. Igi tí a hú lọ gbìn síbòmíràn, tó sì mú gbòǹgbò, a ní ó yè. Ọ̀rọ̀ yẹn ti gba igi àti koríko mọ́ra kí sáyẹ́ǹsì tó dé ọ̀dọ̀ wa rárá.

Ìṣòro kan wà níbẹ̀ tí n kò fẹ́ bò mọ́lẹ̀. Ìwé kan náà yóò kọ́ ọmọ pé òkúta, omi àti afẹ́fẹ́ máa ń gba àyè, ọ̀pọ̀ nínú wa sì ń kọ ‘àyè’ yìí ní ‘ààyè’ gan-an. Nítorí náà ọmọ lè kà á lójú ewé kan pé ewúrẹ́ wà láàyè, kí ó ṣí ewé kejì kí ó rí i pé òkúta gba ààyè, kí ó sì rò pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Àbá mi ni pé kí ìwé náà máa kọ ‘àyè’ fún ibi tí nǹkan gbà, kí ó fi ‘ààyè’ sílẹ̀ fún ohun tó yè, kí ó má sì yẹsẹ̀ lórí rẹ̀ níbì kankan. Ọ̀rọ̀-ìṣe náà yóò ràn wá lọ́wọ́, nítorí òkúta ń gba àyè, ewúrẹ́ sì ń wà láàyè.

Iná nìkan ni kò sí ọ̀rọ̀ tuntun tó lè yanjú rẹ̀. Nínú èdè wa iná ń jẹ igbó, ó ń ràn, ó ń ti ara ìṣáná kan gbilẹ̀ dé gbogbo oko, à ń pa á, ó sì ń kú. Ọmọ tó bá sọ pé alààyè ni iná ti tẹ̀ lé èdè dé ibi tó gbé e dé, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bú u. Àlàyé olùkọ́ ló kù níbẹ̀: iná kò ní sẹ́ẹ̀lì, àwọn ẹyọ tíntìntín tí ara gbogbo ohun alààyè fi di ara, kì í sì í ti inú irúgbìn tàbí ẹyin wá tó máa gbé ìrísí òbí rẹ̀ dání.

N kò ní pẹ́ lórí ‘ohun ọ̀gbìn’. Koríko tí ẹnikẹ́ni kò gbìn pọ̀ ju èyí tí a gbìn lọ, nítorí náà ‘ewéko’ ló yẹ. Ẹranko náà lè dúró, bí a bá ti tètè sọ fún ọmọ pé eèrà, ẹja àti ẹyẹ wà nínú rẹ̀.

Nísinsìnyí, ‘ohun’. Bí ọmọ bá kọ ọ́ pé ‘Afẹ́fẹ́ jẹ́ ohun’, kò tíì sọ nǹkan kan. Òjìji jẹ́ ohun, orúkọ jẹ́ ohun, ìbẹ̀rù jẹ́ ohun. Ohun tí ẹ̀kọ́ yẹn ń wá ni pé kí ọmọ rí i pé afẹ́fẹ́ wà ní ìsọ̀rí kan náà pẹ̀lú òkúta àti omi, àti pé òjìji àti ìmọ́lẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ẹ ká pépà gbígbẹ sí ìdí ife, ẹ dojú ife náà dé, kí ẹ sì tì í wọ inú abọ́ omi tó jìn láìjẹ́ kí ó fì: pépà náà yóò jáde ní gbígbẹ, nítorí afẹ́fẹ́ ti gba àyè tí omi ń wá. Ọmọ tó rí èyí nílò orúkọ fún ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀, ‘ohun’ kò sì lè jẹ́ orúkọ náà.

‘Èlò’ ni mo fara mọ́. Èlò ọbẹ̀ ni ohun tí a kó jọ tí ọbẹ̀ fi di ọbẹ̀, ìtumọ̀ ohun-tí-a-fi-ṣe-nǹkan yẹn gan-an ni a sì ń wá. Àwọn tó takò ó ń sọ pé lílò ló wà nídìí rẹ̀, àti pé òkúta ojú òṣùpá kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Òótọ́ ni wọ́n sọ nípa ìdí ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ohun tó ń kọ mí lóminú ju ìyẹn lọ ni àkọlé ‘ohun èlò ìkọ́ni’ tó máa ń wà lórí ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan nínú ìwé ìtọ́sọ́nà olùkọ́. Bí a bá mú èlò, àkọlé yẹn gbọ́dọ̀ di ‘irinṣẹ́ olùkọ́’ tàbí nǹkan tó jọ ọ́.

Lábẹ́ èlò, ìpò mẹ́ta ni ìwé náà yóò dárúkọ: ti òkúta, ti omi àti ti afẹ́fẹ́. ‘Líle’ kò dára fún òkúta àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Òwú kò le, ìyẹ̀fun kò le, aṣọ kò le, ọmọ á sì kó gbogbo wọn kúrò ní ìsọ̀rí tí wọ́n wà. Mo dábàá ‘dídì’, nítorí omi ń dì, epo ń dì, àbẹ́là tó yọ́ tún ń dì. Ó lè kọ́kọ́ ṣàjèjì létí bí a bá lò ó fún òwú, ṣùgbọ́n ohun àjèjì sàn ju ohun tó ń ṣini lọ́nà. ‘Olómi’ náà kò tọ́, níwọ̀n bí epo kò ti ní omi nínú. ‘Ṣíṣàn’ ló tọ́, èdè wa sì ti ṣe ìyàtọ̀ kan níbẹ̀ tó wú mi lórí, pé a lè da yanrìn bí a ṣe ń da omi, ṣùgbọ́n omi là ń sọ pé ó ń ṣàn. Fún ìpò kẹta, kí a jẹ́ kí ‘gáàsì’ dúró. Afẹ́fẹ́ kò lè jẹ́ orúkọ ìsọ̀rí náà, torí àdàlù gáàsì ni òun fúnra rẹ̀, nitrogen nǹkan bí ìdá 78 nínú 100 àti ọ́síjìn nǹkan bí 21. Kí olùkọ́ sáà rántí pé èyí tí a ń pè ní gáàsì nínú sílíńdà ìdáná jẹ́ èlò ṣíṣàn níbi tí wọ́n ti há a mọ́, ìgbà tó bá ń jáde ló ń di gáàsì.

Ọ̀rọ̀ kẹta ló wúwo jù lójú mi. Agbára ọba, agbára òfin, agbára àdúrà, agbára ẹ́ńjìnnì: ọ̀rọ̀ yìí ti ní ẹrù tirẹ̀. Mẹ́rin sì ni sáyẹ́ǹsì ń béèrè níbẹ̀: èyí tí a fi ń ti nǹkan tàbí fà á, èyí tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí nǹkan náà bá sún, èyí tó ń mú kí ó ṣeé ṣe, àti bí ó ṣe yá tó. Mo pè wọ́n ní ipá, iṣẹ́, okun àti agbára, ní tẹ̀léǹtẹ̀lé. Ẹ wo ọmọ méjì tí wọ́n wúwo bákan náà, tí wọ́n gun àtẹ̀gùn kan náà, tí ọ̀kan sáré tí èkejì rọra rìn. Okun tó gbé àwọn méjèèjì dókè kò ju ara wọn lọ. Agbára ẹni tó sáré ló pọ̀ jù. Júùlù ni a fi ń wọn okun, orúkọ James Joule ni. Wáàtì ni a fi ń wọn agbára, ti James Watt sì ni. Wáàtì 1 kò ju júùlù 1 ní ìṣẹ́jú-àáyá 1 lọ. Gílóòbù tí a kọ 60 wáàtì sí ń gba okun júùlù 60 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí a bá pe méjèèjì ní agbára, ohun tí ọmọ máa kọ sínú ìwé rẹ̀ ni pé ‘agbára gílóòbù ni bí agbára tó ń gbà ṣe yá tó’, n kò sì mọ olùkọ́ tó lè ṣàlàyé gbólóhùn yẹn.

‘Okun inú la fi ń gbé tìta’ ni àwọn àgbà wí, òwe náà sì ti ṣe apá kan nínú ẹ̀kọ́ yìí fún wa: ohun kan wà ní ìpamọ́ nínú ara, oúnjẹ ló ń mú un wá, òun la sì fi ń ṣe iṣẹ́ tí ojú rí. Wọ́n lè sọ pé ènìyàn ló ń ní okun, bátìrì kò ní. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ pé ‘bátìrì yìí kò lókun mọ́’, kò sí ẹni tí kò ní yé. Wọ́n tún lè sọ pé okun, òkun àti okùn jọra jù. Lójú ẹni tí kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ ni, ìwé ọmọdé tí kò bá sì ní àmì ohùn kò yẹ ní títẹ̀ jáde.

Ẹni tó bá rò pé ọmọ kékeré kò nílò ìyàtọ̀ yìí, kí ó rántí iṣẹ́ àdánwò ọdún mẹ́fà tí Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa, nígbà tí àwọn ọmọ kọ́ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò ní Yorùbá láti kíláàsì kìíní dé ìkẹfà. Ọ̀rọ̀ tí a bá fún ọmọ ní kíláàsì kìíní gbọ́dọ̀ lè ru ẹrù kíláàsì kẹfà. Bí a bá fi agbára bo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́lẹ̀ lónìí, ẹlòmíràn ni yóò máa tú wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà tí ọmọ bá dàgbà.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí ọwọ́ mi kò tíì tẹ̀ dáadáa: orúkọ ohun tí sẹ́ẹ̀lì ń ṣe nígbà tó bá ń lo ọ́síjìn láti yọ okun kúrò nínú oúnjẹ. Mímí kọ́ ni, nítorí afẹ́fẹ́ tó ń wọlé tó ń jáde lásán ni mímí. Mo kọ́kọ́ gbìyànjú ‘ìyọkun’, ṣùgbọ́n ó súnmọ́ ‘yọkùn’ jù, ikùn ńlá lásán ni ọmọ yóò máa rí. Èyí tí mo ń lò báyìí ni ‘ìtúkun’, láti ara ‘tú okun sílẹ̀’: ‘Ìtúkun ń lọ lọ́wọ́ nínú ẹ̀wà yìí, bí kò tilẹ̀ ní imú.’ Bí ẹ̀gbọ́n wa tàbí ẹlòmíràn bá ní èyí tó sàn jù, mo bẹ̀ yín, ẹ fi í sínú gbólóhùn tí ọmọ tó gbé ife sétí yẹn lè sọ nípa ẹ̀wà rẹ̀.