Àbọ̀ lórí ìbéèrè mi: ìwádìí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lórí ọmọ ọwọ́

Ẹ ṣé gan-an, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ dá mi lóhùn nígbà tí mo béèrè irú ìwádìí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lè ṣe lórí ìdàgbàsókè ọmọ ọwọ́. Ìwádìí ohun ìṣeré tí a fi aṣọ bò, láti wò ó bóyá ọmọ yóò wá a, la mú. Jean Piaget, onímọ̀ nípa bí ìrònú ọmọdé ṣe ń dàgbà, sọ pé ọmọ tí kò tíì tó nǹkan bí oṣù 8 kì í sábà wá ohun tó bá ti pamọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1987, Renée Baillargeon, tí òun náà jẹ́ onímọ̀ nípa ìrònú ọmọ ọwọ́, wo bí ojú ọmọ ṣe ń pẹ́ tó lára nǹkan, ó sì rí i pé ó jọ pé ọmọ oṣù 4 àbọ̀ pàápàá mọ̀ pé ohun tí a bò ṣì wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni ojú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ti là! Wọn ò yéé jiyàn lé e lórí. Àwọn òbí fọwọ́ sí i kí a tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó bá sunkún, a dáwọ́ dúró. Mo ti rí ìdáhùn mi, mo sì pa ìbéèrè náà dé.